Bí Ọ̀kadà Bàbá Onítáìsì Ṣe Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Obìnrin tó ń tún ọ̀kadà ṣe kì í ráyè ṣe àṣìṣe ní kọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin bá tú ẹ́ńjìnnì tí kò dáhùn, wọn á ní ẹ́ńjìnnì náà le. Bí èmi bá tú u tí kò dáhùn, wọn á ní, "Ṣé a ò sọ?" Mo ti mọ èyí kí n tó gba fíríídọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá mi lójú ọ̀nà Ado ní Ajah, kí n tó wá dá ṣọ́ọ̀bù tèmi sílẹ̀ ní Lakowe, lábẹ́ páànù kan tó kọjú sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì ti ń kó òṣìṣẹ́ lọ sí apá Ibeju láàárọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ẹnu mi mú. Ẹni tó bá fojú di mí, èsì rẹ̀ máa ń bá a kó tó pa ẹnu dé.

Ọmọbìnrin kan wá bá mi níbẹ̀. Ó ti parí ilé ìwé girama, ó ga jù mí lọ, ó sì ti pẹ́ tó ti máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tí yóò máa wo ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kan ó kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé ṣe ni mo bú u. Mo ní ṣé ó rò pé ìpara ni gírísì ni. Mi ò tí ì ní ọmọṣẹ́ rí láyé mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á mú bàbá òun wá.

Bàbá náà dé lóòótọ́. Iṣẹ́ táìsì ló ń ṣe, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ àti mọ́ ara ògiri nínú àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ káàkiri àdúgbò wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, sìmẹ́ńtì kì í sì í tán lára fìlà rẹ̀. Kò fẹ́ iṣẹ́ yìí fún ọmọ rẹ̀ rárá, kò sì fi bò.

"Ìyá mẹkáníìkì," ó ní, "mi ò ní purọ́ fún ẹ. Aṣọ rírán ni mo ní kó lọ kọ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n sinmi. Ọ̀kadà mi rèé, bá mi service ẹ̀. Tó bá ń gbé mi dé site láìsí wàhálà, màá fa ọmọ lé ẹ lọ́wọ́. Tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bá mi sọ fún un kó lọ kọ́ aṣọ."

Mo ní, "Bàbá, ẹ tètè lọ ra mínírà tí ẹ fi máa fà á lé mi lọ́wọ́ sílẹ̀."

Mo ṣe ọ̀kadà yẹn bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, mo fọ kábúrétọ̀, mo gbọn eruku kúrò lára fítà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, rọ́bà abẹ́ ìdérí táǹkì náà sì ti já, omi lè bọ́ sínú epo. Àwa tí a wà níhìn-ín mọ ohun tí à ń ṣe sí i. Mo mú ọ̀rá tó nípọn, mo fi bo ìdérí náà, mo gé rọ́bà láti inú tíúùbù àtijọ́, mo fi so ó yíká kinkin. Mo kọ́ Bàbá bí yóò ṣe máa tú u tó bá fẹ́ ra epo, àti bí yóò ṣe tún un so. Ó fọwọ́ pa á, ó ní ọwọ́ obìnrin yàtọ̀ lóòótọ́. Orí mi wú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an ni Bàbá tì í padà wá, òógùn bò ó. Ó ní ọ̀kadà náà kọ́kọ́ ń lọ dáadáa, nígbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bí òun bá yí ọwọ́ rẹ̀ pé kó sáré, ṣe ló ń rẹlẹ̀, títí tó fi kú. Tí òun bá dúró fún un díẹ̀, á tún jí, á rìn díẹ̀, á tún kú.

Mo tú ọ̀rá, mo ṣí táǹkì, epo wà níbẹ̀. Mo ta á, ó dáhùn. Mo gùn ún yí ṣọ́ọ̀bù ká láìtíì dé táǹkì náà, kò wúkọ́ rárá. Mo dá epo lẹ́bi, mo ní omi ló wà nínú rẹ̀. Mo da gbogbo rẹ̀ nù, mo bu òmíràn sí i, mo dé e, mo tún ọ̀rá náà so, kódà mo so ó le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá tún ń bọ̀, ó di apá ọ̀kadà mú, ọmọ rẹ̀ ń tì í láti ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́kadà tó wà ní oríta ń wò wá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Madam, e be like say ọbẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ lọ sè." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi tí ẹnu mi mú, mo kẹ̀yìn sí wọn. Bàbá ni mo kanra mọ́. Mo ní báwo ló ṣe ń gùn ún gan-an, ṣé kì í fa ṣóòkì tí wọ́n fi ń jí ẹ́ńjìnnì tútù sílẹ̀ kó máa fi sáré ni?

Ó ní, "Ó lè jẹ́ èmi ni o."

Mo pààrọ̀ kábúrétọ̀ látòkè délẹ̀. Mo dán an wò, táǹkì ṣí sílẹ̀, ó dára. Mo dé e, mo so ó. Ó tún lọ kú.

Nígbà tí Bàbá tún padà dé, mo ní kí òun àti ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, èmi fúnra mi gun ọ̀kadà náà jáde bó ṣe wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ẹ́síteèti tí wọ́n ti ń gbá gọ́ọ̀fù ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ ń lọ, ó sì kú sí mi nídìí. Mo tú plọ́ọ̀gì, ó gbẹ. Ebi epo ló ń pa ẹ́ńjìnnì náà. Mo yọ páìpù tó wá láti táǹkì, epo kán tó, tó, ó dákẹ́, bẹ́ẹ̀ táǹkì wúwo. Mo tú ọ̀rá pé kí n wo inú rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí ìdérí, mo gbọ́ tí atẹ́gùn wọlé fíìì, epo sì ya sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọmọdé tó bá ń lu agolo mílíkì mọ̀ pé ihò kan kò tó. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ríbi wọlé kí wàrà tó jáde. Ihò tín-ínrín wà lára ìdérí táǹkì fún iṣẹ́ yìí, èmi ni mo sì ń fi ọ̀rá dí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń dán an wò, mo ti tú u. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ fún Bàbá, mo ti dí i. Ojú tì mí, èmi nìkan, nínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo lè ju ọ̀rá náà sínú igbó, kí n padà lọ sọ pé páìpù ló ní ìdọ̀tí. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo rò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá tó ní "ó lè jẹ́ èmi ni" ló wá sí mi lọ́kàn, mo sì ká ọ̀rá náà, mo mú un dání padà.

Ọ̀kadà náà ń dún dáadáa bí mo ṣe ń padà bọ̀, ọmọbìnrin náà sì ti dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni mo ń pa á." Mo ṣàlàyé fún un. Ó gba ọ̀rá náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó.

"Eléyìí tí mo ń tún so bó o ṣe kọ́ mi?" Kò pariwo. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ó ní, "Ó dáa. O ṣeun tó o sọ ọ́." Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, wọ́n lọ.

Mo ń retí wọn. Mo tilẹ̀ gbá abẹ́ páànù mọ́, mo wá àga tí ọmọṣẹ́ máa jókòó lé. Ọ̀gá mi ló pè mí lórí fóònù láti ojú ọ̀nà Ado. Ó ní wọ́n fẹ́ fa àbúrò mi nínú iṣẹ́ lé òun lọ́wọ́, obìnrin bíi tèmi, kí n wá. Wọn kì í gba ọmọ tuntun lọ́dọ̀ wa kí àwọn tó ti gba fíríídọ̀mù má wá ṣe àmín. Bí mo ṣe wọlé, Bàbá onítáìsì ni mo bá níbẹ̀ pẹ̀lú mínírà lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Ọ̀gá mi ní, "Ẹ wá láti Lakowe? Ọmọ mi yìí ṣáà wà níbẹ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń wá dé ibí?"

Bàbá wò mí, ó yára gbójú kúrò. Ó ní, "Mo fẹ́ kó jìnnà sílé ni, Ọ̀gá. Tó bá wà nítòsí, á máa sá wá jẹun."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òótọ́ ni. Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ lẹ̀gbọ́n, ìwọ obìnrin àkọ́kọ́. Gbàdúrà fún àbúrò ẹ."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ iṣẹ́, mo ní kò ní rí ìjàǹbá. Àdúrà tó kù ni èyí tí gbogbo wa máa ń ṣe, kò ṣeé fò. Mo ní, "Ojú ò ní tì ẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí." Àmín tí ọmọ náà ṣe ga ju ti gbogbo ilé lọ.