Bírò Pupa Kò Kan Ìwé Bàbá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, kò bà sórí ìjàpá, kò bà sórí ajá. Orí káfíńtà kan ló bà sí, àtọmọ rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ tíṣà.

Bàbá Aláyùn ni gbogbo àdúgbò ń pe káfíńtà yìí. Tó bá ti fojú wo pákó lásán, ó ti mọ ibi tó wọ́. Owó ayùn ló fi rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé, títí ọmọ fi di ẹni tó ń kọ́ àwọn àgbà ní Gẹ̀ẹ́sì nírọ̀lẹ́.

Nígbà tó yá, eékún bàbá ò gba ìnàró mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sì ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níṣẹ́ káfíńtà. Iṣẹ́ ìjókòó ni. Àmọ́ wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, níṣojú wọn. Ni bàbá bá wọ kíláàsì ọmọ rẹ̀, ó jókòó ti télọ̀ kan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, lédè tiwa, tá a bá ti dárúkọ àná, ó parí. Ọ̀rọ̀ ò ní pààrọ̀ aṣọ. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àná ní aṣọ tiẹ̀, tòní ní tiẹ̀. Bàbá kì í rántí pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn. Àga tó ti kàn tó sì ti gbó, á kọ ọ́ bí èyí tó ń kàn lọ́wọ́.

Ọmọ rí àṣìṣe wọ̀nyí. Ó mú bírò pupa, ọwọ́ ò lọ. Báwo lèèyàn ṣe ń fa igi sójú ìwé ẹni tó bí i, láàárín èrò? Ó kàn kọ "Ó dára" sí i, ó kúnlẹ̀ fi lé bàbá lọ́wọ́.

Télọ̀ yọjú. "Bàbá Aláyùn, ìwé tèmi pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Tiyín funfun báláú! Ṣé ẹ̀yin lẹ bí Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Tíṣà ẹ̀ ni mo bí," ni bàbá wí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹ̀.

Ó lọ ṣèdánwò. Wọ́n ní àwọn ò mọ èyí tó ti ṣe yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣe nínú ohun tó kọ. Wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Bàbá kó gbogbo ìwé ẹ̀ tọ ọmọ lọ. Kò pariwo. "Tíṣà, níbo ni mo ti ṣìnà?"

Ọmọ wólẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá mi. Gbogbo ẹ̀ ni mo rí. Ẹnu mi ni ò gbà á."

"Nígbà tó o kọ́kọ́ di ayùn mú, tó o fà á wọ́, ṣé mo ṣe bí ẹni tí ò rí i?"

"Rárá o. Ẹ gbá mi lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ọ̀wọ̀ lo bù fún mi, ọmọ mi. Àmọ́ ọ̀wọ̀ yẹn ti dá mi padà sídìí pákó, ẹsẹ̀ mi ò sì gbà á mọ́."

Ó fa àga, ó jókòó, ó tẹ́ ìwé sílẹ̀. "Mú bírò."

Ọmọ ń fa igi, omijé ń kán, pupa ń ràn. Bàbá ń fi ìka tẹ̀ lé e. Nígbà tí bírò fẹ́ fo ìlà kan kọjá, bàbá di ọwọ́ ọmọ mú.

"Èyí ńkọ́? O tún fẹ́ fò ó fún mi?"

Ọmọ fa igi sí i.

Ó tó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó ń ju orí bí aláǹgbá yẹn, gbé ẹní ẹ. Ẹ lọ sùn.