Bí Mo Ṣe Di Àbúrò Àbúrò Mi

Òórùn káńfọ̀ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ ṣe ìwé ìrìnnà. Màámi ti ṣí àpótí onírin abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ti kó aṣọ tí a kì í wọ̀ lásán jáde, òórùn káńfọ̀ wọn sì ti dàpọ̀ mọ́ òórùn èéfín ẹja tí kì í kúrò lára rẹ̀ bó ti wù kó fọṣẹ tó. Ọmọ ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́ ni; ìgbéyàwó ló gbé e wá sí Ìkòròdú. Bí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi bá gbóòórùn káńfọ̀ lónìí, bóyá aṣọ àwọn ìyá yín ni ẹ ń rántí. Ní tèmi, ọkọ̀ ojú omi èbúté Ìpakodò tó ń gbé wa lọ sí Èkó ni mo máa ń rántí, àti bí ipò àgbà ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi ti lo ọdún mẹ́rin nílùú òyìnbó nídìí ìwé kí lẹ́tà rẹ̀ tó dé pé kí màámi kó èmi àti Fọlákẹ́, àbúrò mi, wá bá òun. Àwọn ìyàwó ilé ti ń sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé obìnrin pupa kan ti ń se ọbẹ̀ fún un lọ́hùn-ún. Bí ìwé ìrìnnà kò bá jáde kí ọkọ̀ òkun tó ṣí, ó dá màámi lójú pé ọkọ òun ti lọ nìyẹn.

Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé títí akọ̀wé ọ́fíìsì náà ní Èkó fi tẹ́ ìwé èmi àti Fọlákẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

“Màdáàmù, ẹ̀yin lẹ bí àwọn méjèèjì?”

“Èmi ni, ọ̀gá.”

“Oṣù kejì lẹ bí obìnrin. Oṣù kẹfà ọdún kan náà lẹ bí ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é, kí n lè lọ ṣàlàyé fún ìyàwó mi.”

Màámi kúnlẹ̀. “Èmi kọ́ ni mo bí wọn bẹ́ẹ̀, ọ̀gá. Ilé ìwé ni.”

Òótọ́ ló sọ. Ẹ kò ní gbàgbé pé apá ni ìwé ìbí wa láyé ìgbà náà. Ọmọ á gbé apá kọjá lórí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdìkejì, ó tó ilé ìwé. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé. Mo pé ọdún márùn-ún, ọwọ́ mi kò dé etí. Mo pé mẹ́fà, kò dé. Orí mi tóbi, apá mi sì kúrú. Ọdún keje ni ìka mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan etí, wọ́n sì gbà mí. Fọlákẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún tó kàn sìn mí lọ lọ́jọ́ náà, na apá tirẹ̀, ó di etí mú gírígírí. Ọ̀gá ilé ìwé kọ ọdún mẹ́fà fún àwa méjèèjì, ó sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní oṣù tó wá sí i lọ́kàn.

Akọ̀wé ní òun ti lu òǹtẹ̀ sí ìwé Fọlákẹ́, tèmi nìkan ló ṣeé yí padà. Ó ní ká lọ gba lẹ́tà ọjọ́ orí tuntun lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé tó kọ ti àkọ́kọ́.

A rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Kí ọ̀gá ilé ìwé ṣáà fi ọdún kan kún tèmi. Ọkùnrin náà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kì í kọ ohun tí ojú òun kò rí. Ó ní kí a tún gbé apá. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ agbára káká ni ọwọ́ mi fi kọjá etí. Ti Fọlákẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kọjá etí, ó fi ń họ àgbọ̀n.

“Ẹ rí i, Ìyá Bámidélé? Apá kì í parọ́. Bí n ó bá yí nǹkan kan padà, ọdún kan ni n ó yọ kúrò nínú ti ọkùnrin yìí.”

“Ọ̀gá, èmi ni mo rọbí.”

“Ẹ kò rọbí lójú mi.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́. Níta, màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, èmi àkọ́bí tí mo ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo, tí Fọlákẹ́ ń kúnlẹ̀ kí ní “Bùọ̀dá mi” láràárọ̀. “Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀kọ, á dárí ji ewé. Ṣé ọ̀dọ̀ bàbá ẹ la fẹ́ dé, àbí o fẹ́ jókòó sí Ìkòròdú máa ṣe ẹ̀gbọ́n?” Ojú rẹ̀ pọ́n, kì í ṣe ti èéfín. Mo mi orí pé mo gbà.

Nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ kejì, bí a ṣe ń padà sí Èkó, màámi ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pípe Fọlákẹ́ ní ẹ̀gbọ́n kọ́ra.

“Sìsítà mi.”

“Kò dún dáadáa,” ni Fọlákẹ́ wí. “Tún un pè. Kí o sì bá mi gbé bàtà mi.”

Mo gbé e.

Akọ̀wé ka lẹ́tà náà, ó wò wá fínnífínní. Ó yíjú sí Fọlákẹ́. “Ta ni àgbà nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Bù…” Màámi di etí tábìlì mú. Mi ò mọ ohun tó gbé mi, mo rí ara mi lórí sìmẹ́ǹtì, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọmọ ọdún mẹ́jọ: “Ẹ káàárọ̀ o, Sìsítà mi.”

Akọ̀wé ní ó pẹ́ tí òun ti rí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀hún, a kò bá obìnrin pupa kankan. Ìkòkò ọbẹ̀ jíjóná kan ṣoṣo la bá, bàbá mi sì dúró tì í. Màámi gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sunkún sínú ọbẹ̀ náà.

Ìwé yẹn kò fi wá sílẹ̀ mọ́. Fọlákẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ṣáájú mi. Èmi pé ọgọ́ta ọdún tán, mo tún ń jí lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún méjì. Ní ìpàdé ẹbí oṣù tó kọjá, ọmọ kan gbé obì kọjá mi lọ fún Fọlákẹ́. Mo dìde, mo gba ilé mi lọ láìjẹun. Ó pè mí lórí fóònù: “Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú.” Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu; ọjọ́ kẹta ni mo tó pè é padà.

Wọ́n ń pè mí ní àgbà ilé báyìí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn bá wọlé tọ̀ mí wá lónìí, èmi ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ fún un.