Ìjókòó Ọwọ́ Òsì Nínú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè ká ara mi jọ sẹ́yìn ìjókòó ọkọ̀ bí ẹrù, bàbá mi ra ọkọ̀ àkọ́kọ́ láyé wọn, a sì jọ wà á láti Ìbàdàn dé Ìṣẹ́. Mo ní a jọ wà á, ẹ̀yin tó ń ka èyí sì lè máa rẹ́rìn-ín. Ẹ ó rí i láìpẹ́ pé n kò parọ́.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹni tó níyàwó àti ọmọ mẹ́rin ń rà. Òyìnbó kan tí òun àti bàbá mi jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló ń lò ó. Nígbà tí ó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀ ló tà á fún wọn. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní sípọ́ọ̀tì káà ni. Àwọ̀ ewé kòkó ni wọ́n kùn ún, ilẹ̀kùn méjì, ìjókòó méjì péré, tapólì ló sì fi ṣe òrùlé, èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti ya. Ó lọ sílẹ̀ débi pé bí ẹ bá dúró tì í, àtàrí ẹni tó wà nínú rẹ̀ lẹ ó máa wò. Ó pẹ́ tí bàbá mi ti ń wo ọkọ̀ yìí níwájú ọ́fíìsì kó tó di tiwọn. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ni bàbá mi, ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn, ọgbọ́n wọn a kọ́kọ́ lọ sinmi ná.

Ìyá mi yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n bèèrè ibi tí àwọn yóò jókòó sí. Bàbá mi ní ìjókòó kejì ti ní olóhun. Ìyá mi kò bá wọn jà. Wọ́n kó àwọn àbúrò mi, wọ́n wọ bọ́lẹkájà lọ sí Ìṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí bàbá mi àti ọkọ̀ wọn máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá bàbá mi ló ni ìjókòó náà. Nígbà tí bàbá mi wà nílé ìwé ní Ìkẹ́rẹ́, ìyá wọn ló máa ń ru àpótí wọn láti Ìṣẹ́ lọ síbẹ̀ nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń rìn ín. Bàbá mi á máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni bàbá mi jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àwọn bá ra ọkọ̀, ìyá àwọn ni yóò kọ́kọ́ fìdí kan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ àwọn, ẹnikẹ́ni kò ní í ṣáájú wọn. Ìyá àgbà ti gbàgbé. Bàbá mi kò gbàgbé. Bí bàbá mi bá ti sọ ohun kan, ó parí nìyẹn, kódà bó máa pa wọ́n lára.

Ibi tí òyìnbó máa ń gbé báàgì rẹ̀ sí lẹ́yìn ìjókòó ni wọ́n tẹ́ ìró sí fún mi. Kì í ṣe ìfẹ́ nìkan ni wọ́n fi mú mi dání o. Iṣẹ́ wà níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n máa gba ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún kan náà sì ni sitiárìn ọkọ̀ tiwa wà, bí wọ́n ṣe ṣe é wá láti ìlú òyìnbó. Nítorí náà, bí lọ́rì bá wà níwájú wa, bàbá mi kò lè rí ohun tó ń bọ̀, àfi bí ẹni tó wà lọ́wọ́ òsì bá bá wọn yọjú. Kò sì sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ òsì. Èmi ni mo ń na ọrùn láti ẹ̀yìn, n ó yọrí lójú fèrèsé, n ó pariwo pé, "Ó ṣófo!" Bàbá mi á sì tẹ iná mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ara mi a bù máṣọ.

Lẹ́yìn Ilé-Ifẹ̀, agbégilódò kan wà níwájú wa tí kò fẹ́ lọ, tí kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn lọ. Mo yọjú, mo pariwo pé ó ṣófo. Kò ṣófo. Bọ́ọ̀sì kan yọ ní kọ́nà, bàbá mi sì já ọkọ̀ padà sẹ́yìn igi gẹdú bí ẹni já okùn ewúrẹ́. A wá dé Iléṣà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní, "Nígbà mìíràn, wò ó lẹ́ẹ̀mejì." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òjò ká wa mọ́ lẹ́yìn Iléṣà. Tapólì tó ya yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í jò, orí ìjókòó òfìfo ni omi sì ń kán sí. Bàbá mi dúró, wọ́n bọ́ bùbá wọn, wọ́n fi bo ìjókòó náà, wọ́n sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan wakọ̀ lọ. Èmi tí mo jẹ́ ènìyàn ẹlẹ́ran ara, tí omi ń kán sí lọ́rùn lẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kò bo èmi.

Ní Àkúrẹ́, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wa lọ́wọ́ níbi tí a ti dúró bu omi sí i. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá wa tì í títí tó fi gbaná. Bí ó ṣe gbaná, ọ̀kan nínú wọn tó ń lọ sí Ìkẹ́rẹ́ di ilẹ̀kùn mú, ó fẹ́ wọlé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá báni ti ọkọ̀, ó ti sanwó ọkọ̀. Bàbá mi ní kò sáyè. Ọkùnrin náà wo ìjókòó òfìfo, ó wo bàbá mi, ó tún wo ìjókòó. Ohùn wọn ni mo gbọ́ lẹ́yìn wa bí a ṣe ń lọ: "Ọkọ̀ anìkànjọpọ́n!" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

A kọjá lábẹ́ àwọn òkúta ńlá Ìkẹ́rẹ́, a bọ́ sí ọ̀nà Ìṣẹ́, tó jẹ́ ilẹ̀ pupa nígbà náà, tí oko kòkó wà lọ́tùn-ún lósì. Oòrùn mú. Ibẹ̀ la ti rí Baba Oníkẹ̀kẹ́.

Aládùúgbò wa ní Ìṣẹ́ ni. Nígbà ayé agbára wọn, kẹ̀kẹ́ tiwọn nìkan ló wà ní àdúgbò, kò sì sí ẹni tí kò tíì jókòó sẹ́yìn rẹ̀: aboyún tó ń rọbí, ọmọ iléèwé, ẹni ejò bù jẹ lóko. Bàbá mi fúnra wọn ti gun ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yẹn ju ohun tí wọ́n lè kà lọ. Ṣùgbọ́n ogbó ti gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú iṣu mẹ́ta lórí.

Wọ́n gbọ́ ìró wa, wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n nawọ́. Nítorí ibi tí sitiárìn wà, ẹ̀gbẹ́ bàbá mi gan-an ni wọ́n dúró sí. Bàbá mi rọra dúró, ẹ́ńjìnnì sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá."

"Háà, ṣé ùwọ rè é? O ti ra ọkọ̀! A dúpẹ́ o." Baba Oníkẹ̀kẹ́ gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo inú ọkọ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Ìjókòó yẹn ti já ni. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, á jábọ́."

Láti àárọ̀ ni mo ti ń fi orúnkún ti ẹ̀yìn ìjókòó náà. Kò já. Baba Oníkẹ̀kẹ́ wo ìjókòó, wọ́n wo bùbá tó wà lórí rẹ̀, wọ́n wo èmi náà. Wọ́n wá gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn.

"Kò burú. Ẹ rọra o, kí ọmọ má fọwọ́ kàn án. Olúwa á jẹ́ kí ẹ dé ulé láyọ̀."

Bàbá mi ní àmín, a sì lọ. Mo ń wo bàbá náà láti ẹ̀yìn títí kọ́nà fi gbé wọn pamọ́. N kò gbọ́ kí bàbá mi parọ́ rí. Inú mi bàjẹ́, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn rí i pé ògiri ilé òun ti sán.

Nígbà tí a dé Ìṣẹ́, agbo ilé tú jáde. Bàbá mi ká bùbá wọn kúrò, wọ́n fọwọ́ nu ìjókòó, wọ́n lọ mú ìyá wọn lọ́wọ́ jáde. Wọ́n rán wọn létí ẹ̀jẹ́ náà. Ìyá àgbà kọ́kọ́ sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wo ibi tí wọ́n fẹ́ kí àwọn jókòó sí.

"Ṣé unú ihò yìí ni?"

Wọ́n gbìyànjú. Wọ́n fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, kò gbà. Wọ́n fi ìdí wọ̀ ọ́, orúnkún kò gbà. Ọdún mélòó kan ni orúnkún yẹn ti ń dá wọn lóró. Bàbá mi tó ti ń ro ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí láti ọmọdé kò ro ti orúnkún rí. Ìyá mi àti obìnrin mìíràn ló fa ìyá àgbà yọ.

"Ẹ fi mí lẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Bí mo bá jókòó sí ulẹ̀ yẹn, ọkọ́ lẹ ó fi wú mi jáde bí uṣu."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dúró pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì wọn, àánú wọn sì ṣe mí. Wọ́n ní, "Màámi, láti Ìbàdàn dé ibí, ẹnikẹ́ni kò fìdí kàn án."

"Láti Ìkẹ́rẹ́ dé ibí ńkọ́? O ò rí ará ulé wa kankan lọ́nà?"

"A ò rí ẹnì kankan."

Mo ní, "A rí Baba Oníkẹ̀kẹ́. Wọ́n ru iṣu. Bàbá mi ní ìjókòó ti já."

Ìyá mi wolẹ̀. Ìyá àgbà kò pariwo, wọn kò sì bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ùjókòó mi ti já, èmi tí mi ò tíì dé ibẹ̀. Ó dáa. Padà lọ bá mi tún un ṣe níbi tó ti já."

Àwọn ọ̀dọ́ ilé tún bá wa ti ọkọ̀. Bàbá mi ní kí n wọlé. Mo rò pé lọ́nà ni wọ́n ti fẹ́ nà mí, ṣùgbọ́n wọn kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. A bá Baba Oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà, a yí ọkọ̀ padà, a dé ẹ̀gbẹ́ wọn.

"Bàbá, ẹ wọlé."

"Ìjókòó ńkọ́?"

"Ó ti dára."

"Ó mà yá o." Wọ́n ń bá ìrìn wọn lọ.

Bàbá mi ń wakọ̀ tẹ̀lé wọn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré ń bá arúgbó tó ru iṣu rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà, omi ẹ́ńjìnnì sì ń hó ṣìṣì níwájú. Àwọn tó ń bọ̀ láti oko dúró wò wá. Nígbà tó yá, bàbá mi ní, "Bàbá, irọ́ ni mo pa fún yín. Ìjókòó kò já."

"Mo mọ̀. Ojú mi ò tíì fọ́."

"Ẹ ò wá sọ̀rọ̀?"

"Ọmọ rẹ wà lẹ́yìn rẹ. Ṣé kí n wá sọ ọ́ létí rẹ̀ pé urọ́ ni bàbá rẹ̀ ń pa?"

Ìgbà yẹn ni wọ́n dúró. Wọ́n nawọ́ iṣu sí mi lójú fèrèsé, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n jókòó. Mo gbé iṣu mẹ́ta sáyà títí a fi dé Ìṣẹ́, mo sì ń sunkún. Ohun tí bàbá yẹn kọ̀ láti ṣe lójú èmi nìkan, èmi ti ṣe é lójú gbogbo agbo ilé. Bàbá mi kò bá mi wí nítorí rẹ̀ títí wọ́n fi kú, ì bá sì sàn kí wọ́n bá mi wí.

Ọ̀nà yẹn ti di ọ̀dà báyìí, ó sì tún ti di kòtò. Ẹnikẹ́ni kì í fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìṣẹ́ mọ́; ọ̀kadà ti gbà á. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ nìkan lẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí ènìyàn bá sì nawọ́ sí ọkọ̀ lónìí, iná ni awakọ̀ ń tẹ̀ mọ́ ọn. N kò bá wọn wí. Ohun tí etí wa ń gbọ́ nípa àwọn ajínigbé ní àwọn ọ̀nà yìí, láti Ìṣẹ́ dé Èmùré, kò jẹ́ kí n bá ẹnikẹ́ni wí. Bí ọmọ mi ọkùnrin bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, èmi gan-an ni mò ń sọ fún un lórí fóònù pé kó má dúró fún ẹnikẹ́ni. Ó bi mí lẹ́ẹ̀kan pé, bó bá jẹ́ ẹni tí òun mọ̀ ńkọ́? Mo ní kó má dúró.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí mi ní Ìṣẹ́. Mo bèèrè àwọn tí wọ́n rí lọ́nà, ó ní àwọn ò rí ẹnì kankan. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin àgbà kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa ti oko dé pẹ̀lú igi ìdáná lórí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àlejò o. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n kọjá lára mi."

Ọmọ náà gbójú sókè wo bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wò mí. Mo ní kí òun àti bàbá rẹ̀ wọlé wá jẹun.