Géètì Kan, Ilé Ìyàgbẹ́ Mẹ́rìndínlógún

Bí òjò bá ti rọ̀ ní àdúgbò wa ní Bódìjà nígbà náà, òórùn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa pé táńkì ti kún. Òórùn tó ń bá èèyàn jókòó sídìí oúnjẹ ni. Ìwọ náà mọ irú àdúgbò bẹ́ẹ̀: ilé bí ogójì, igi máńgòrò, páìpù tó so gbogbo ilé pọ̀, àti táńkì ńlá kan nísàlẹ̀ níbi tí omi ìdọ̀tí gbogbo wa ń dà sí. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì náà, ẹ̀yìnkùnlé wọn ló sì ń gbà tú jáde. Mo bá wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n wọ bàtà òjò, tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì gbọ́n ọn kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, tí wọ́n sì ń kí mi bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ojú tì mí gan-an, torí omi ilé tiwa wà nínú èyí tí wọ́n dúró lé.

Bàbá mi ni alága ẹgbẹ́ onílé. Iṣẹ́ ẹnjiníà omi ni mò ń ṣe, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sílé, ni wọ́n bá fi mí ṣe akọ̀wé. Ní àdúgbò wa, géètì la fi ń pín gbogbo nǹkan. Owó ọlọ́dẹ, iye kan náà ni géètì kọ̀ọ̀kan ń san. Owó tiransifọ́mà bákan náà. Ó rọrùn, kì í sì í dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ wá pinnu pé a gbọ́dọ̀ kọ́ táńkì kejì kí ilé tuntun mìíràn tó so mọ́ páìpù wa, kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì: kí géètì tuntun kọ̀ọ̀kan san iye kan náà.

Mo mú bírò, mo ṣírò rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́ta àti ẹni tó kó fúláàtì mẹ́jọ sẹ́yìn géètì kan ṣoṣo yóò san bákan náà, owó náà kò sì ní í kọ́ ìdajì táńkì. Ìyá olùkọ́ ni yóò máa fi ṣọ́bìrì san ìyókù. Ibi tó ti le ni pé bàbá mi gan-an lẹni àkọ́kọ́ tó fẹ́ kọ́ fúláàtì mẹ́jọ, ilé ìyàgbẹ́ méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búlọ́ọ̀kù wọn ti wà níta. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ fún wọn nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí: bí wọ́n bá ní kí n má sọ ọ́, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́.

Nígbà tó kàn mí nípàdé, mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, géètì kì í lọ ilé ìyàgbẹ́. Èèyàn ló ń lọ. Ẹ jẹ́ ká ka ilé ìyàgbẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá ka ìṣirò mi sétí wọn, owó táńkì àti ti àtúnṣe páìpù àtijọ́ wa tó ti jò: ẹni tó bá ní mẹ́ta yóò san ti mẹ́ta, ẹni tó bá ní mẹ́rìndínlógún yóò san ti mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rín tán. Kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tó ń bọ̀ wá ní mẹ́rìndínlógún.

Bàbá àgbà kan wúkọ́. "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé o mọ ilé tí ò ń kà yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Bàbá mi ní kí n gbé ìwé náà wá. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n kà á pẹ́. Wọ́n ní, "Owó àtúnṣe páìpù tó ti jò yìí, kí ló ń wá nínú owó àwọn tó ń bọ̀?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti fẹ́ gbèjà Ìyá olùkọ́ débi pé mo di ẹrù àtijọ́ wa lé àlejò lórí.

"Àwa la lò ó tó fi jò," ni bàbá mi wí. "Ẹni tó ń bọ̀ yóò san ti ààyè tó fẹ́ gbà. Àwa onílé àtijọ́ yóò tún tiwa ṣe." Wọ́n fa igi lé owó páìpù náà. "Mẹ́rìndínlógún yẹn, tèmi ni. Ẹ kọ ọ́ ṣáájú. Bí mi ò bá tíì san, kí ẹnikẹ́ni má so mí mọ́ páìpù."

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Lẹ́yìn èyí, ta ni yóò ní òun ò san? Owó tó jáde lọ́wọ́ bàbá mi yẹn mú kí mẹ́ta nínú fúláàtì wọn dúró ní ìpìlẹ̀ fún ọdún méjì. Wọn ò fìgbà kan fi bú mi. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ ìpàdé náà, ohun tí wọ́n sọ kò ju èyí lọ: "Nígbà mìíràn, kọ́kọ́ wá sọ fún mi. Ṣùgbọ́n má torí tèmi dákẹ́."

A kọ́ táńkì kejì kí ayálégbé àkọ́kọ́ tó kó ẹrù dé, omi kò sì gba ẹ̀yìnkùnlé Ìyá olùkọ́ jáde mọ́. Títí dòní, bíbu irú owó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé tuntun wà lára iṣẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ sì máa ń rò pé ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti kọ́ ọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìdajì rẹ̀ ni mo kọ́ níbẹ̀. Ìdajì kejì, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó tún ìṣirò mi ṣe lójú gbogbo èèyàn, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe àkọ́kọ́, ni mo ti kọ́ ọ. Bí mo bá sọ pé bàbá mi ni, orí mi máa ń wú.