Ọdún Tí Owó Ẹ̀rọ Funfun Já Wálẹ̀

Tí wọ́n bá ṣí páálí ẹ̀rọ géèmù tuntun, òórùn kan máa ń jáde níbẹ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ lára ọjà mìíràn rí: òórùn ike tí ọwọ́ ò tíì kàn, tó dà pọ̀ mọ́ ti fóòmù tí wọ́n fi dì í. Òórùn yẹn ló kún ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo, lọ́dún tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ yìí. Obìnrin kan ń din àkàrà níwájú wa, wọ́n ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, síbẹ̀ bí o bá ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, òórùn ike tuntun ló máa kí ọ káàbọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́fínńdà tí òun ń rà fún mi ń ṣòfò.

Àwa méjì la ni ṣọ́ọ̀bù náà, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan la ti pàdé, a jọ ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Géèmù ló sọ wá di ọ̀rẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló fi ẹ̀rọ géèmù kan sílẹ̀ nílé nígbà tó ń lọ sí òkè òkun, kò sì sí ẹni tó ń lò ó mọ́ àfi òun. Ó pè mí lọ́jọ́ Sátidé kan pé kí n wá wo nǹkan. Mo jókòó, mo gba páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, oòrùn ti wọ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa kógbá wọlé, dípò kí á máa wá iṣẹ́ tíṣà mìíràn kiri, a pa owó pọ̀, a gba ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn fi wá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin á wọlé, á wò wá lókè, á wò wá nílẹ̀, á ní kí á bá òun pe ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ mi á ní, “Àwa ni ọ̀gá, ẹ jókòó.” Kí ọkùnrin náà tó jáde, á ti mọ̀ pé àwọn obìnrin yìí ò wá ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré gan-an la ń tà.

Ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn sí i rárá ni bàbá mi ní Ọ̀tan-Ilé. Àgbẹ̀ kòkó àti obì ni wọ́n, oko yẹn ni wọ́n fi rán mi nílé ẹ̀kọ́ títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí tíṣà. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Òṣogbo, wọ́n á ní mo ń ta ohun èlò iná mànàmáná, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Kí ìtàn yìí lè yé ọ, jẹ́ kí n ṣàlàyé ọjà wa díẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ló gbajúmọ̀ nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn díje ló ṣe wọ́n. Ọ̀kan dúdú, èkejì funfun, bí àwa àti àwọn oníbàárà ṣe ń pè wọ́n náà nìyẹn. Géèmù bọ́ọ̀lù, géèmù ìjà, géèmù ìje ọkọ̀, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́ lórí méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ kan ṣe fún ẹ̀rọ tirẹ̀ nìkan. O lè kó gbogbo owó ayé dání, tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ yẹn lo rà, o ò ní fojú kan géèmù náà. Ẹ̀rọ dúdú ló ní irú wọn jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun la kó sí ṣọ́ọ̀bù jù. Èyí tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi yàn láàyò dá lórí obìnrin ọdẹ kan tó ń wá ọmọ rẹ̀ nínú igbó ńlá tó ti hù bo ìlú kan mọ́lẹ̀. Igbó náà dà bí ohun tí o lè fọwọ́ kàn. Ìrì ń kán lára ewé, tí òjò bá sì rọ̀, ẹrẹ̀ á máa fa obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Àwọn oníbàárà mìíràn ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀rọ. Wọ́n á kàn yọjú, wọ́n á ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ta ti ìyá ọdẹ?”

Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ funfun dín owó rẹ̀ kù, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan wà lókè ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ta aṣọ ìpolówó láti òpó kan dé èkejì, wọ́n gbé gbohùngbohùn síta, wọ́n ń pariwo iye tuntun náà látàárọ̀. Àwọn tó ti ṣèlérí fún wa pé bí owó oṣù bá ti wọlé àwọn ń bọ̀, ojú wa ni wọ́n ń gbé páálí funfun kọjá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń kí wa bí wọ́n ṣe ń kọjá, ìyẹn ló dùn mí jù. Eruku ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bo páálí tiwa, a ń nù ún láàárọ̀, a tún ń nù ún nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kí á ta èyí tó wà nílẹ̀ ní iyekíye, kí á lọ kó funfun. Mo ní rárá. Àríyànjiyàn wa ò ní ariwo nínú, ṣùgbọ́n ó wọ̀ wá lára, nítorí ọ̀rọ̀ àtijẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ò níṣẹ́ lọ́wọ́ lásìkò yẹn, ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ilé rẹ̀ ń wò. Ó ní ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni Òṣogbo, iye owó ni òṣìṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò. Mo ní tí gbogbo Ìgbọ̀nà bá ń ta ohun kan náà ní iye kan náà, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ torí rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa? Ó wò mí, ó ní òṣómàáló ni mí lóòótọ́, mo ti lóṣòó, mi ò wá mọ ìgbà tó yẹ kí n dìde. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Níkẹyìn, ó ní, “Màá bá ọ dúró di àkọ́rọ̀ òjò. Tí òjò bá rọ̀ tí ọjà ò yí padà, a máa ṣe é bí mo ṣe wí.” Mo gbà.

Mi ò jókòó máa retí òjò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn tó ra ẹ̀rọ funfun wò nílé. Irọ́ ni màá pa tí mo bá ní gbogbo wọn ló kábàámọ̀. Àwọn kan wà tí bọ́ọ̀lù nìkan tó fún wọn, inú wọn ń dùn. Ṣùgbọ́n mo dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì, abẹ́ tábìlì ni mo bá ẹ̀rọ tirẹ̀, wọ́n ti fi aṣọ bò ó. Ó ní àwọn ọmọ òun ń fi ṣeré dalẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó sú wọn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó béèrè bóyá ìyá ọdẹ lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Mo ní kò lè ṣiṣẹ́. Ó mi orí, ó ní òun rò pé kò sí géèmù tó yàtọ̀ sí èkejì. Mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nílé nọ́ọ̀sì kan, mo tún gbọ́ ọ lẹ́nu télọ̀ kan. Ó wá yé mi pé owó tó já wálẹ̀ lè mú kí ẹ̀rọ wọ ilé, kò lè mú kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í.

Bí mo ṣe pinnu láti gbé ìyá ọdẹ lọ sí Iléṣà nìyẹn, kí àwọn èèyàn lè fi ojú ara wọn rí i. A háyà gbọ̀ngàn kan, a gbé tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù tí a ní síwájú, a tan jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò rẹ̀ ò tíì yí padà. Mo rò pé àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀ ló máa wá. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Èyí tí mi ò retí rárá ni pé bàbá mi wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá láti Ọ̀tan-Ilé láìsọ fún mi. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n jókòó sí, wọ́n fa fìlà wọn bojú bí ẹni tí ò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi ló gba páàdì. O yẹ kí o rí i lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀ aláwọ̀ ewé, níwájú gbogbo èèyàn yẹn, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ láìwo ìsàlẹ̀. Nígbà tí obìnrin ọdẹ wọ inú igbó, gbogbo ilé pa lọ́lọ́, àyàfi jẹnẹrétọ̀ tó ń hó lẹ́yìn. Ó dé oríta kan nínú igbó, ó dúró díẹ̀. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní, “Ìyá ọdẹ, gba ọ̀tún. Ọ̀nà tí koríko rẹ̀ ti tẹ́ ni èèyàn ń gbà.” Ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀tún. Obìnrin ọdẹ gbé ẹsẹ̀ méjì, ó já sínú kòtò. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín bàbá mi ló sì ga jù. Wọ́n dìde, wọ́n wá síwájú, wọ́n ní kí ó tún un ṣe, àwọn ti mọ ibi tí àwọn ti ṣìnà. Wọn ò padà sẹ́yìn mọ́.

Nígbà tí a parí, wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rò pé ìmọ̀ràn ni wọ́n fẹ́ gbà mí. Ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Ṣé yóò rí ọmọ náà?” Mo sọ fún wọn pé ìtàn náà ò parí síbẹ̀, pé apá kejì ń bọ̀ láàárín ọdún. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti sọ fún àwọn. Mo ti rí ìwé ẹ̀rí gbà níwájú bàbá mi rí, àmọ́ ojú tí wọ́n fi wò mí lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí i rí.

Síbẹ̀, ẹ̀rọ tí a tà ní Iléṣà lọ́jọ́ náà ò tó nǹkan. Wọ́n rọ̀ yí wa ká, wọ́n béèrè iye rẹ̀, a sọ ọ́, ohùn wọn sì lọlẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta obì di páàdì mú fún ìgbà pípẹ́ kó tó fi sílẹ̀, ó ní àwọn fẹ́ ẹ, apá àwọn ni ò ká a. Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa padà sí Òṣogbo, ọ̀rẹ́ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “O rí i, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Owó ló dí wọn lọ́wọ́.” Mo ní òótọ́ lo sọ. Òun náà wá ní, “Ìwọ náà sọ òótọ́. Mi ò rí ẹnì kan tó dìde kúrò níbẹ̀.” Kí a tó wọ Òṣogbo, ọ̀rọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú ìdajì rẹ̀ dání ti di odindi. A máa dín owó kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí apá kejì bá jáde gan-an la máa dín in, kí ohun tí ọkàn èèyàn ń fẹ́ àti ohun tí apá rẹ̀ lè ká pàdé lójú kan.

Alágbàtà tó ń kó ọjà fún wa ní Ìbàdàn ní a ti ya wèrè, pé kí ló dé tí a ò dín in báyìí nígbà tí ọjà dákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ló dá a lóhùn, tíṣà ìṣirò ni, ó ṣàlàyé fún un títí ó fi gbà. Alágbàtà náà ló wá ta wá lólobó pé ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ dúdú fẹ́ dín tiwọn kù nígbà tí apá kejì bá jáde. Àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ó sì kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ò mẹ́nu ba àdéhùn wa.

Lọ́jọ́ tí apá kejì dé, òjò ń rọ̀ láti àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo rò pé òjò ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí a fi máa yí kọ́kọ́rọ́, àwọn èèyàn ti tò kọjá ọ̀dọ̀ alákàrà, agbòòrùn lórí agbòòrùn. Mo rí àwọn ará Iléṣà láàárín wọn. Mo rí obìnrin olóbì, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló dáwó jọ. Mo rí ọkùnrin sẹkitéríàtì pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. A di ẹ̀rọ àti géèmù pọ̀ ní iye tuntun, a ń tà, a ń dáhùn ìbéèrè, ẹsẹ̀ wa wú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, kò ku páálí kan. Ọ̀rẹ́ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, ó ní “Alhamdulillahi,” ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Èmi náà bá a sun ún. Nígbà tó yá, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ńlá yẹn wá fúnra rẹ̀ láti béèrè ibi tí a ti ń kó ọjà. A mú un mọ alágbàtà wa. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ kì í fi ọ̀nà pamọ́.

Ayé ọjà wa ti yí padà láti ìgbà náà. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ò di géèmù wọn mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ kan nìkan lónìí, bó bá pẹ́, o lè bá a lórí èkejì. Dúdú àti funfun la ń tà báyìí, gbogbo Ìgbọ̀nà náà ló sì ń tà wọ́n, iye wa ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ṣùgbọ́n èèyàn á kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù bíi mélòó kan, á wọlé sọ́dọ̀ wa, á ní irú ọmọ báyìí ni òun bí, irú owó báyìí ló wà lọ́wọ́ òun, kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí òun rà? Ọ̀rẹ́ mi á sọ èrò tirẹ̀, èmi á sọ tèmi, a ó jiyàn díẹ̀ lójú rẹ̀, á sì jókòó gbọ́ wa. Mo máa ń wo àwa méjèèjì nírú àkókò bẹ́ẹ̀, orí mi á wú. Iye owó lè mú èèyàn dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí kò sí níbòmíràn ló ń mú un jókòó. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, àwa ni ohun náà.