Ẹni Tó Yí Kọ́ọ̀sì Mi Padà

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ fi ọkàn hàn mí. Ọkàn àgbò ni, lọ́jọ́ Iléyá, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ó fi ọ̀bẹ là á lórí pákó, ó ní kí n ti ìka bọ ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Olùkọ́ báyọ́lọ́jì ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà, àtọjọ́ yẹn ni mo sì ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé dọ́kítà ni n ó ṣe.

Bàbá wa ti kú kí n tó wọ girama, ẹ̀gbọ́n mi ló wá dúró bíi bàbá fún mi. Òun náà ti fẹ́ ṣe dọ́kítà rí. Ó ṣe ìdánwò ìwọlé lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò mú un, ló bá gba iṣẹ́ olùkọ́. Kò sọ ọ́ fún mi rí. Ẹnu ìyá wa ni mo ti gbọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé ìbéèrè àtijọ́. Tí mo bá ṣi ìdáhùn kan, á ní, "Tún un rò."

Nígbà tí èsì ìdánwò ìwọlé tèmi jáde, máàkì mi ló ga jù ní kíláàsì wa. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fún ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ó dúró dè mí lábẹ́ igi níta. Bí mo ṣe jáde, ó ní, "Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní, "Ó rọrùn, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi délé. Mo rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Nígbà tí mo gbọ́ pé orúkọ àwọn tí wọ́n mú ti jáde, mo sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán. Obìnrin tó ń bá mi wò ó rẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti mú ẹ o! O kú oríire." Mo fò sókè. Ó tún wo ojú kọ̀ǹpútà. "Iṣẹ́ olùkọ́ ni, olùkọ́ báyọ́lọ́jì."

"Rárá o, ìṣègùn ni mo yàn, mà."

"Ìṣègùn lo kọ́kọ́ yàn lóòótọ́. O ti yí i padà. Wò ó níbí, oṣù tó kọjá."

Mi ò yí nǹkan kan padà. Ẹni kan ṣoṣo ló sì tún mọ nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń ṣí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ mi lórí kọ̀ǹpútà.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi lójúde ilé, ó ń máàkì ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló yí kọ́ọ̀sì mi padà?"

Kò gbójú sókè. Ó máàkì ìwé kan tán, ó mú òmíràn. "Èmi ni."

"Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Ọdún mẹ́fà kì í ṣe eré. Iṣẹ́ olùkọ́ á tètè parí, wàá sì wà nítòsí."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi! Kí lẹ wá ń kọ́ mi fún?"

Ìgbà náà ló tó wò mí. Ó ní, "Mi ò rò pé wàá yege."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ohun tó ṣe lọ. Ìyá mi jáde láti inú ilé, ó fà mí lọ́wọ́ wọlé, ó ń nu ojú mi. "Má pariwo, ará àdúgbò ń gbọ́." Mo di mọ́ ọn. Lójú mi, òun nìkan ló kù tó fẹ́ràn mi nínú ilé yẹn.

Mi ò gba ààyè tí wọ́n fún mi. Mo lọ ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń bá a ránṣọ, mo sì tún ìdánwò náà ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ nọ́ńbà mi fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n mú mi fún ìṣègùn.

Ní ọdún kejì, wọ́n kó wa wọ yàrá tí òkú wà. Òórùn oògùn tí wọ́n fi tọ́jú wọn ta mí lójú, ọmọkùnrin kan nínú wa sì dákú. Lẹ́yìn èyí, ní ìparí ọdún kẹta, ni ìdánwò ńlá tó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ náà dé. Mo yege. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí mo bá lọ sí Ọ̀yọ́, n ó kan kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi ni, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn láàárín wa.

Ìyá mi wá kí mi kú oríire. Nígbà tí a jókòó, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró tì mí."

Ó ní, "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ní kó yí i padà."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Ó kọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Àwọn tó bá ṣe dọ́kítà kì í dúró mọ́, ìlú òyìnbó ni gbogbo wọn ń lọ. Bàbá yín ti lọ. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà lọ. Mo ní kó má dárúkọ mi."

Mi ò bá a jà. Mo sìn ín lọ wọ ọkọ̀, mo sì padà sí yàrá mi, mi ò lè kàwé lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bínú sí ẹnì kan, tí ẹlòmíràn ń nu ojú mi. Síbẹ̀, ìyá mi kọ́ ló ní kí ẹ̀gbọ́n mi sọ pé mi ò ní yege. Ìyẹn, tirẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún wa gẹ́gẹ́ bíi dọ́kítà. Ó ní ìlara ni, ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, mo sì dárí jì í. Ìyá mi ò bẹ̀ mí rí.

Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Tí ìyá mi bá pè mí lórí fóònù, á bi mí bóyá mo ti jẹun, á ní, "Ṣé o ò ní lọ ṣá?" N ó ní kó gbàdúrà fún mi. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tí àwọn dọ́kítà fi ń lọ sí ìlú òyìnbó. Mi ò tíì sọ fún un.