Mọ́tò Tí Kò Gbọ́ Àbàrá

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, irin ni mọ́tò. Bàbá mi ní píkọ́ọ̀pù kan tó fi ń kó kòkó láti oko, àbàrá la sì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn bá fẹ́ kó dúró, yóò fọwọ́ gbá ara mọ́tò gbàà, bàbá mi á sì tẹ búrékì. Lọ́jọ́ kan tó ń fi rìfáàsì jáde, àbúrò mi tí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn rá lọ sẹ́yìn táyà. Ìyá wa ò pariwo. Ó gbá mọ́tò lábàrá, irin dún, mọ́tò dúró. Àbúrò mi yẹn ti di ìyá àgbà lónìí.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní mọ́tò ní Niú Yọ́ọ̀kì níbí. Bàbá yín gbé tuntun wá hàn mí ní Highbridge, àdúgbò wa yìí, ó ń yan bí ọba. Mo fọwọ́ kàn án, ó fúyẹ́ bí igbá.

“Mọ́mì, composite ni. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe bọ́dì ẹ̀, kì í dípẹtà.”

Ó ní òwú gíláàsì ni wọ́n rẹ sínú gọ́ọ̀mù, tó wá gan. Mo yọ ṣùtì ètè. Ike ni, àbúrò báàfù ìwẹ̀ mi.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo sọ̀ kalẹ̀ kí n lè júwe fún un bó ṣe máa páàkì. Mọ́tò ẹlòmíì wà lẹ́yìn mi, tirẹ̀ ń bọ̀ wá bá mi. Mo gbá a lábàrá. Ó dún pò, bí ìgbà tí èèyàn lu ìrọ̀rí. Mo tún gbá a, mo kígbe. Bàbá yín ti wíńdò, orin ń lọ, kò gbọ́. Ó fi orúnkún mi há àárín mọ́tò méjèèjì, bọ́ńpà rẹ̀ sì ya. Ariwo ike tó ya yẹn ló gbọ́, tó fi dúró.

Mo ti jókòó sílẹ̀, mo di orúnkún mú. Bàbá yín sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń fọwọ́ pa ibi tó ya.

“Mọ́mì, kí lẹ tún ń lù ú fún?”

Ayé ti yí padà lóòótọ́. Láyé tiwa, mọ́tò ló ń gba ọgbẹ́, a ó gbé e fún pánẹ́bítà, yóò fi òòlù lù ú gún. Lónìí, mọ́tò ni ọmọ kúnlẹ̀ tì, ìyá tó bí i sì wà nílẹ̀, ó ń wá ohun tí yóò fọwọ́ dì mú dìde.